Thamesmead ni Mo Wà, Texas ni Kóòtù Mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé àdéhùn náà kí n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ṣáájú, nítorí pé nígbàkigbà tí mo bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé o ò kà á ni?" Mo kà á. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe ní Ìbàdàn fún ọdún mọ́kànlá, Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò yé mi, mo sì wá ìtumọ̀ wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó wá ṣe mí léṣe, n kò fa ìlà kankan sábẹ́ wọn. Mo rò pé wọ́n yé mi.

Nígbà tí mo dé London, Thamesmead ni mo kọ́kọ́ gbé, nínú yàrá kan lọ́dọ̀ Mummy Sìkírá, àgbàlagbà obìnrin kan tí òun àti ìyá mi jọ dàgbà ní Mọ́kọlá. Òtútù ni mo múra sílẹ̀ dè. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé n óò jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n óò yọjú lójú fèrèsé, n óò sì rí ẹṣin mẹ́ta tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lórí koríko láàárín àwọn ilé oníkọnkéré, tí òjò ń pa wọ́n, tí àwọn èèyàn sì ń kọjá lọ síbi bọ́ọ̀sì bí ẹni pé wọn kò rí nǹkan kan. Mo pe Mummy Sìkírá.

"Ẹ̀yin Mummy, ta ló ni wọ́n?"

"Èmi ò mọ̀ o. Mo bá wọn níbẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Mummy Sìkírá ti lò ní àdúgbò náà nígbà yẹn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló bá mi wá. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ láti ilé kan dé òmíràn, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò dé Thamesmead. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi lọ́dọ̀ arúgbó kọ̀ọ̀kan: kí n nù ún lára, kí n fún un ní oògùn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti ṣe é, kí n sì máa sáré lọ. Baba òyìnbó kan wà tó máa ń di ọwọ́ mi mú bí mo bá fẹ́ dìde. Kì í sọ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń yọ ọwọ́ mi, bí èèyàn ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tó sùn. Nígbà mìíràn, ọwọ́ bàbá yẹn nìkan ni ọwọ́ tó kàn mí láti Mọ́ńdè títí di Sátidé.

Ọjọ́ Sunday ni mo máa ń pe ilé. Mórẹ́nikẹ́ ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ ọ́n. Kò tíì ní kí mi tán tí yóò fi béèrè.

"Mọ́mì, ṣé ìwé mi ti jáde?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí."

Ìwé ìgbélùú tèmi kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, mo ní láti fi hàn pé mo ní ilé tí a óò gbé, pé mo lè bọ́ ọ láìgba ìrànlọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ parí kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Bí ó bá ti pé é, àgbàlagbà ni lójú òfin, kì í ṣe ọmọ tí ìyá lè pè wá mọ́. Owó iṣẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè gbé wa débẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kìíní.

Kúdí ló mú ọ̀nà wá. Èmi àti Kúdí la jọ ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. A jọ sùn nínú yàrá kan, a jọ jẹ gààrí kan náà. Amẹ́ríkà ni òun gbà lọ, ó sì ń gbé ní ìpínlẹ̀ California. Lọ́jọ́ kan ó pè mí, ayọ̀ kún ohùn rẹ̀.

"Ìyá Mórẹ́nikẹ́, mo ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Mo ti ní van tèmi."

Franchise ló rà. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Texas tó ń fọ kápẹ́ẹ̀tì àti àga onítìmùtìmù. Wọ́n á fún ọ ní orúkọ wọn, aṣọ wọn, ẹ̀rọ wọn, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìwọ á ra ẹ̀tọ́ láti ṣe é ní agbègbè kan, wàá sì máa dá ìpín wọn padà fún wọn lóṣooṣù. Agbègbè yẹn yóò jẹ́ tìrẹ nìkan.

"Wọ́n ti ń wá èèyàn ní London báyìí," Kúdí ní. "Mo ti dárúkọ ẹ fún wọn."

Mo fi gbogbo ohun tí mo ti kó jọ sí i. Ìyá mi ta ilẹ̀ tó wà ní Akínyẹlé, ó ní kí n má sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ìwé àdéhùn náà, ojú ìwé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ pé láti Woolwich títí dé Thamesmead jẹ́ tèmi nìkan, pé wọn kò ní fún ẹlòmíràn níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn náà bá wà. Mo ka ibẹ̀ sókè nínú yàrá mi bí ẹni ń ka àdúrà.

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe òwò náà, mo rò pé Ọlọ́run ti dáhùn. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde, mo ti kó lọ sí ilé tèmi ní Glyndon Estate, yàrá méjì, mo sì ti ra bẹ́ẹ̀dì sí ìkejì. Mo gba àyè kékeré kan tí mo ń kó ẹ̀rọ sí ní Nathan Way. Àwọn ilé ìkẹ́rù ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìjọ wa ti gba púpọ̀ nínú wọn: ní ọjọ́ Mọ́ńdè ẹ ò rí ju àwọn tó ń gé irin àti àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, ní ọjọ́ Sunday ẹ ó gbọ́ orin àti ìyìn láti ẹnu ọ̀nà márùn-ún. Gbogbo ìjọ wọ̀nyí ló ní kápẹ́ẹ̀tì. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ kápẹ́ẹ̀tì iwájú pẹpẹ tó mi ní gbogbo Thamesmead. Òróró ìyàsímímọ́ ni ọ̀tá wa níbẹ̀. Ó máa ń wọ inú òwú lọ, ó sì máa ń fa ìdọ̀tí mọ́ra.

Pásítọ̀ kan dúró tì mí lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́.

"Alhaja, ẹ ti ń fọ ilé Ọlọ́run fún wa láti ọjọ́ yìí. Ṣé ẹ ò ní jókòó gbọ́ ìwàásù lọ́jọ́ kan?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn kí wọ́n dín òróró kù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Oṣù yẹn ló júwe mi fún ìjọ mẹ́ta mìíràn. Mo pe ìyá mi, mo sì sọ fún un pé ní ọdún tó ń bọ̀, ìwé Mórẹ́nikẹ́ yóò wọlé. Èmi fúnra mi ni mo fẹnu mi sọ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà ìjọ pásítọ̀ yìí kan náà ni mo ti rí van kejì. Funfun, bíi tèmi. Lẹ́tà búlúù, bíi tèmi. Orúkọ kan náà. Mo kọ́kọ́ rò pé tèmi ni wọ́n jí, mo sì bojú wẹ̀yìn. Tèmi wà níbi tí mo gbé e sí. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ń fa páìpù wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní. "Ta ló ní kí ẹ wá síbí?"

Ó wo aṣọ tó wà lọ́rùn mi, ó wo tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Uncle Bánjọ, ará Ìjẹ̀bú-Igbó. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fiṣẹ́ sílẹ̀.

"Madam, agbègbè mi lèyí. Ẹ̀yin ni kí n bi pé ta ló rán yín."

Mo pariwo. N kò ní purọ́, mo pariwo débi tí àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe fi jáde wá wò wá. Mo pè é ní olè. Ó dúró, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó lọ sínú van rẹ̀, ó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ jáde, ó ṣí i sí ojú ìwé kẹsàn-án, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Láti Plumstead títí dé Thamesmead. Tirẹ̀ nìkan. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Orí ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn van rẹ̀ la jókòó sí. 

"Wọ́n ti ta wá pọ̀," ó ní nígbà tó yá.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹnìkan dá mi lóhùn pé àwọn ń wádìí. Mo tún kọ. Ní ìgbà kẹrin, mo sọ fún wọn pé n óò sọ fún gbogbo oníbàárà mi ohun tí wọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà wọn: mo ti ba orúkọ àwọn jẹ́, nítorí náà àdéhùn ti parí. Kí n bó orúkọ náà kúrò lára van. N kò sì gbọdọ̀ fọ kápẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni ní agbègbè náà fún ọdún méjì, pẹ̀lú orúkọ èyíkéyìí. Bí mo bá dán an wò, àwọn yóò pè mí lẹ́jọ́ ní Texas.

Mo ka ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Texas? Èmi tí n kò dé Scotland rí.

Obìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí sọ fún mi nípa ibi tí àwọn lọ́yà ti ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè, nínú gbọ̀ngàn kan ní Plumstead. Ọmọbìnrin Yorùbá ni mo bá níbẹ̀, Tèmítọ́pẹ́, tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ibẹ̀ gan-an. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó fa àga fún mi, ó sì ka gbogbo ojú ìwé mẹ́tàdínláàádọ́ta náà níwájú mi láìwo fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Auntie, o rí ibí yìí?" Ó fi ìka sí ojú ìwé kẹrìnlélógójì. "Wọ́n ní tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ẹ àti wọn, kóòtù Texas nìkan ló lè gbọ́ ọ. Nìkan. Word yẹn ló wà níbẹ̀. Tí kì í bá ṣe word yẹn, a ṣì lè try nǹkan."

"Ṣùgbọ́n ibí ni mo ti ṣiṣẹ́. Ibí ni kápẹ́ẹ̀tì wà, ibí ni Uncle Bánjọ wà. Kí ni Texas mọ̀ nípa Nathan Way?"

"I know. Tó bá jẹ́ pé o kàn ra fridge fún ilé ẹ, law ibí á protect ẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní business owner ni ẹ́, pé o lójú, o kà á, o sign. Kò sí franchise law ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tí o bá sign, wọ́n á ní kí o dúró tì í."

"Bí mo bá jókòó síbí, tí n kò lọ ńkọ́?"

Ó pa ìwé náà dé kó tó dáhùn.

"Wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ náà láìsí ẹ níbẹ̀. Company á win. Wọ́n á gbé judgment yẹn wá síbí, wọ́n á ní, obìnrin yìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbà pé kóòtù Texas ló máa gbọ́ ọ. Kóòtù ibí sì lè fi mú ẹ. Auntie, má bínú. Má fọ kápẹ́ẹ̀tì kankan."

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. N kò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún un kó yé e. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo rìn láti Plumstead dé Beresford Square láìmọ̀ pé mo ń rìn. Níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń ta bàtà àti àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ni ẹkún ti gbà mí lójú. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ìnura fún mi ní ọ̀kan, kò sì gbà kí n sanwó.

Mo ṣe ohun tí mo lè ṣe. Mo béèrè físà Amẹ́ríkà, mo rò pé n óò yá owó, n óò lọ dúró níwájú adájọ́ wọn, n óò sì sọ tẹnu mi. Wọn kò fún mi ní físà. Ìwé sọ pé Texas nìkan ni mo ti lè rojọ́, Texas sì wà nínú ìlú tí n kò lè wọ̀.

Mo pe Kúdí láti sọ fún un. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti ṣe é fún èmi náà," ó ní. "Wọ́n ta agbègbè mi fún ọmọ China kan. Mo ti pè wọ́n lẹ́jọ́."

"Ní Texas?"

"Ní ìlú mi níbí. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni láti ilé mi."

Mo ní kí ó ya fọ́tò gbogbo ìwé rẹ̀ kí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ́ tèmi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì Mórẹ́nikẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sùn sí rí, mo sì ń fi ojú ìwé wé ojú ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà. Kóòtù Texas nìkan, ojú ìwé kẹrìnlélógójì, nínú tirẹ̀ pẹ̀lú. Tèmi parí sí ojú ìwé kẹtàdínláàádọ́ta. Tirẹ̀ ní ọ̀kan sí i. Àkọlé rẹ̀ ni Àfikún fún California, ohun tó sì sọ kò ju ìlà mélòó kan lọ: pé òfin ìpínlẹ̀ náà lè má gbà kí wọ́n gbé ẹjọ́ ẹni tó ń ṣe franchise níbẹ̀ lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀ mìíràn, ohun yòówù tí ó ti fọwọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ adájọ́ pé kí ó darí ẹjọ́ Kúdí sí Texas. Adájọ́ ní òfin California kò gbà á. Bó ṣe rí nìyẹn.

Mo jókòó ti àwọn ìwé náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo ti máa ń rò pé ìlú ẹni ni ibi tí wọ́n ti mọ orúkọ ẹni pè dáadáa, tàbí ibi tí wọ́n bí ẹni sí. Kúdí kò gbọ́n jù mí lọ; òun pàápàá sọ fún mi pé òun kò ka ojú ìwé tó kẹ́yìn yẹn. Ẹnìkan ti kà á dè é. Àwọn aṣòfin kan tí kò mọ̀ ọ́n ti jókòó ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti ro ó pé ẹnìkan bíi Kúdí yóò wá lọ́jọ́ kan, yóò fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ, wọ́n sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà dè é. Níbi tí mo wà, kò sẹ́ni tó rò mí dè. Owó orí ni mo ń san, mo ń to síbi bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń tò, mo mọ òróró ilé ìsìn wọn yọ. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo kan ìlẹ̀kùn, wọ́n ní ìlẹ̀kùn mi wà ní Texas.

Ìyá mi kò gbà á gbọ́. Òun ti rojọ́ ilẹ̀ rí, ní kóòtù ìbílẹ̀.

"Kóòtù wo ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ṣé o ò lè bẹ ọba ibẹ̀ ni?"

"Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí, Ìyá."

"Ọmọ mi, ilẹ̀ Akínyẹlé yẹn..." Kò parí rẹ̀. Ó gbé fóònù fún Mórẹ́nikẹ́, tí ohùn rẹ̀ ti di ohùn obìnrin. Kò béèrè ìwé lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ má ronú jù." N bá fẹ́ kí ó béèrè.

Uncle Bánjọ fi òwò náà sílẹ̀ fún wọn, ó padà sídìí wíwa bọ́ọ̀sì. Èmi padà sídìí ìtọ́jú arúgbó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìjọ ń pè mí, mo ń sọ fún wọn pé n kò sí nílé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rìn dé etí odò Thames lẹ́yìn iṣẹ́, tí n óò dúró níbẹ̀ jù bó ṣe yẹ lọ, tí Mummy Sìkírá yóò pè mí tí yóò sì máa bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ẹ̀fọ́ àti ẹran títí n óò fi dé ilé. Kò bi mí ní ibi tí mo wà rí. Mo rò pé ó mọ̀.

Ó tó ọdún kan kí Kúdí tó bẹ̀ mí ní ohun tó bẹ̀ mí. Lọ́yà rẹ̀ fẹ́ kí n jẹ́rìí.

"Ìgbàkigbà tí a bá ti ní wọ́n ń ta agbègbè kan lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní àṣìṣe ni, pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí ìwọ bá sọ tìẹ, kò ní ṣeé pè ní àṣìṣe mọ́. Orí kọ̀ǹpútà ni, o ò ní kúrò ní Woolwich."

"Kúdí, wọ́n á wá mi wá. Wọ́n á pè mí lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kejì."

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó bẹ̀ ọ́."

Mo bẹ Uncle Bánjọ pé kí a jọ ṣe é. Ó gbọn orí. "Àbúrò, mo ní ìdílé. Wọ́n ti gbàgbé mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàgbé mi." N kò bá a wí. Èmi náà rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbẹ̀yìn, kì í ṣe ìgboyà ló mú mi gbà. Ó ti sú mi pé kò sí ẹnìkan rí tó jókòó, tó sì bi mí pé, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹ.

Ọ́fíìsì Tèmítọ́pẹ́ ni a lò, lókè ilé ìtajà kan nítòsí Beresford Square. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbí, òwúrọ̀ ni lọ́hùn-ún. Ojú mẹ́rin ló wà lórí kọ̀ǹpútà: lọ́yà Kúdí, obìnrin tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà tí irun rẹ̀ funfun, àti Kúdí fúnra rẹ̀, tó wọ gèlè tí mo mọ̀. Wọ́n ní kí n búra. Mo béèrè fún Kùránì. Tèmítọ́pẹ́ ti tọ́jú ọ̀kan.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Wákàtí kan ni mo fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó kan lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà.

"Madam, ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹnìkan fi ipá mú ọ?"

"Rárá."

"O gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ tíṣà fún ọdún mọ́kànlá."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà náà, o ka ojú ìwé kẹrìnlélógójì, pé kóòtù Texas nìkan ló lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ. O mọ ìtumọ̀ 'nìkan'."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ojú ìwé kẹsàn-án ni mo ti kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé Woolwich sí Thamesmead jẹ́ tèmi nìkan. Bí mo bá gbọ́dọ̀ di 'nìkan' tojú ìwé kẹrìnlélógójì mú títí dé òdìkejì òkun, ta ló gba 'nìkan' tojú ìwé kẹsàn-án lọ́wọ́ yín?"

 Obìnrin tó ń kọ̀wé gbé orí sókè, ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ, kí òun lè kọ ọ́ tán. Mo tún un sọ. Mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí mo ṣe máa ń pe dictation fún àwọn ọmọ. Lábẹ́ tábìlì, Tèmítọ́pẹ́ gbé ọwọ́ lé orúnkún mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìdákẹ́jẹ́ ni. N kò gbọ́ nǹkan kan láti Texas. Mo ń ṣí àpótí lẹ́tà bí ẹni ń ṣí ihò ejò. Láàárín àkókò yẹn ni Mórẹ́nikẹ́ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìyá mi se ìrẹsì, wọ́n sì fi àwòrán ránṣẹ́. Mo wo àwòrán náà, mo sì mọ̀ pé ọ̀nà tí mo ti ń là láti ọdún mẹ́jọ ti dí. Ó lè wá kí mi lọ́jọ́ kan, bí wọ́n bá fún un ní físà. Kò lè wá gbé lọ́dọ̀ mi bí ọmọ mọ́. Mo pè é, mo kọrin ọjọ́ ìbí fún un, nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ mo tú bẹ́ẹ̀dì yàrá kejì, mo sì gbé e jáde fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Ìwé ilé-iṣẹ́ náà ni. Mo dúró ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ilé wa ní Glyndon kí n tó ya á, kí ó má bàa jẹ́ pé inú ilé mi ni n óò ti kà á. Ìpínrọ̀ méjì péré ni. Àwọn ti tú mi sílẹ̀ kúrò nínú gbogbo ohun tó wà nínú àdéhùn náà. Mo lè fọ kápẹ́ẹ̀tì níbikíbi, lọ́jọ́kọ́jọ́, pẹ̀lú orúkọ tèmi. Àwọn kò ní pè mí lẹ́jọ́ ní kóòtù kankan. Wọn kò tọrọ àforíjì. Wọn kò dá nǹkan kan padà. Kò sì sí ìdí kankan nínú ìwé náà tí wọ́n fi ṣe é.

Mo pe Kúdí lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ó gbé e ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni tó ti ń retí.

"Kúdí, wọ́n kọ̀wé sí mi."

"Ẹn-ẹ́n."

"Ẹjọ́ tìẹ ńkọ́?"

"Ó ti parí."

"Ṣé o borí? Kí ni wọ́n fún ọ?"

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀. "Ìyá Mórẹ́nikẹ́, wọ́n mú mi fọwọ́ sí i pé n kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà nínú àdéhùn tí a fi parí ẹjọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Mo kà á dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni."

"Kí lo yááfì kí wọ́n tó fi ìtúsílẹ̀ tèmi sí i?"

 Mo gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹnìkan tó ń pè é fún iṣẹ́, kò sì dá ẹni náà lóhùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú lẹ́tà lórí itan mi. Èmi náà kò béèrè mọ́. Àwọn ará ilé wa ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára mi, àwa méjèèjì sì wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀, láìsọ nǹkan kan, títí owó ìpè mi fi tán.